Ọdún Méjì Tá A Fi Ń Lọ sí Ọsirélíà

Ládùúgbò wa l'Agége, ẹni tó bá fẹ́ lọ sókè òkun kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ó jọ máa kí ara yín lẹ́nu géètì láràárọ̀, ẹ ó jọ dáwó tún tíránsífọ́mà ṣe, ẹ ó jọ ṣépè fáwọn oníná nígbà tó bá tún bàjẹ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ ó kàn ṣàdédé rí fọ́tò onítọ̀hún lórí fóònù, ó wọ kóòtù tó nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì, yìnyín sì bo ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa tó rántí pé àkàbà yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkàbà tèmi kan ti bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì bínú púpọ̀, torí nígbà tó kàn mí, ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ bísíkíìtì kan n'Ìkẹjà. Ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá wé bísíkíìtì, tó ń fi iná lẹ ọ̀rá náà pa, tó sì ń gé e lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, èmi ni dókítà rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tá a ti mọ ara wa. Mo lè wà lẹ́nu géètì kí n ti mọ̀ láti inú ariwo rẹ̀ pé bẹ́líìtì kan ti fẹ́ já. Tí ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀gbà tàbí Àgídìngbì bá dákẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni wọ́n máa ń pè. Wọ́n á ti po tíì dè mí, gbogbo wọn á dúró yí mi ká, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi bí ẹni ń wo agbẹ̀bí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dénú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí odindi ọdún méjì ni mi ò fi sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ.

Ìyàwó mi ló rí iṣẹ́ Ọsirélíà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, aṣọ ilé ìwé ló máa ń rán, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó kà á lórí fóònù pé ìlú kan wà níbẹ̀ tí màlúù pọ̀ ju èèyàn lọ, ilé iṣẹ́ mílíìkì wọn sì ń wá ẹni tó mọ irú ẹ̀rọ tèmi tún ṣe. Ó ní èmi gan-an ni wọ́n ń pè, orúkọ mi nìkan ni wọn ò kọ sí i. Ibẹ̀ jìn débi pé nígbà tá a bá ń kírun Àsùbáà l'Agége, àwọn tiwọn ti ń múra Àlàásárì. Ohun tó ń wá níbẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa méjèèjì lọ: ilé ìwé tí olùkọ́ kì í ti í dáṣẹ́ sílẹ̀, yunifásítì tí ọdún mẹ́rin rẹ̀ máa jẹ́ ọdún mẹ́rin. Kí ni ọkọ fẹ́ sọ tí ìyàwó bá ti gbé ọ̀rọ̀ ọmọ kalẹ̀? Mo ní ó dáa, ká gbìyànjú ẹ̀ wò. Nínú ọkàn mi, mo ní kò lè bọ́ sí i.

Ẹni tó bá mọ ìyàwó mi kò gbọdọ̀ ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Ìwé ìrìnnà jáde. Mo yege nínú ìdánwò èdè òyìnbó lẹ́ẹ̀kejì tí mo ṣe é. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ wò ní mo kúnjú òṣùwọ̀n. Bí ìwé kan bá ti jáde, inú rẹ̀ á dùn, èmi á rẹ́rìn-ín sí i, àyà mi á sì já. Tó bá bi mí bóyá ọkàn mi wà níbẹ̀, èsì kan náà ni mo máa ń fọ̀: "Ìyá mi ni mò ń rò."

Irọ́ kọ́ o. Ìyá mi ń gbé pẹ̀lú wa, nínú yàrá ìsàlẹ̀. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Abọ́ ike ni wọ́n tà lọ́jà Agége títí orúnkún fi ní ó tó. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Mùsùlùmí sì ni wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ téèyàn bá kú náà la máa ń sin ín, a kì í dúró de ẹni tó wà lọ́nà. Nínú ìdílé wa, ọmọkùnrin àkọ́bí ló máa ń sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè láti gba òkú ìyá rẹ̀. Èmi ni àkọ́bí. Láti Ọsirélíà, kódà tí mo bá sáré wọ bàálù lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ti bo ilẹ̀ tán, èrò á ti túká, kí n tó dé. Òtítọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ òun nìkan kọ́ ni òtítọ́. Mo kàn rí i pé ó tóbi tó ohun téèyàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ìyàwó mi ló ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ti fẹ́ lọ sí Kánádà rí. Ó sọ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí, ó sọ fún ẹgbẹ́ àdúrà, ó sọ fún ẹni tó ń dì í nírun. Nígbà tí wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà, gbogbo wọn ló wá bá a kẹ́dùn, òun sì ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rò ó pé ta ló wà nídìí ẹ̀ nínú wọn. Látọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti gbà pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ò gbà pé ẹnu ló dá ìwé yẹn padà, ṣùgbọ́n àṣírí náà rọ̀ mí lọ́rùn ju bó ṣe rọ òun lọ́rùn lọ. Ohun téèyàn ò bá tíì sọ jáde, ó máa ń dà bíi pé kò tíì ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ wa mọ̀. A ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́, wọ́n sì pa á mọ́ ju àwa lọ. Ìyá mi, tá a jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà, ni ẹni tá a fi í pa mọ́ fún jù.

Ṣùgbọ́n ojú ìyá ọlọ́jà kì í gbé ibì kan. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni wọ́n tó ròyìn ohun tí wọ́n rí fún wa. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n gbọ́ tí ọmọ wọn ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé ìwẹ̀, tó ń fi èdè òyìnbó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, tó tún ń dáhùn. Ìdánwò ni mò ń múra fún. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé mò ń rù, torí ìwé ni mo máa ń kà tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, oúnjẹ mi á sì tutù. Tí wọ́n bá sì wọ pálọ̀, èmi àti ìyàwó mi á ṣàdédé dákẹ́. Wọ́n sọ nínú ara wọn pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Èmi ni mo wá fọwọ́ ara mi bà á jẹ́ sí i. Ẹ̀rí ọkàn ń dà mí láàmú, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbogbo ohun tí mo ti ń sún síwájú fún wọn. Mo pààrọ̀ ilẹ̀kùn yàrá wọn. Mo ra mátírẹ́ẹ̀sì tuntun. Mo de irin mọ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú. Mo ránṣẹ́ pe àbúrò mi tó ń gbé l'Abúlé Ẹ̀gbá, mo fi ibi tí ìwé ilé wà hàn án, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ tó ń fa omi. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó ti ìyá mi, mo ń bi wọ́n nípa ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọmọ tó ti ń sọ láti ọdún mẹ́wàá pé òun máa tún ilẹ̀kùn ṣe, tó wá tún un ṣe lọ́sẹ̀ kan náà tó ra mátírẹ́ẹ̀sì, kí ni ìyá rẹ̀ fẹ́ rò? Wọ́n ní ẹni tó ń dágbére ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, mò ń dágbére. Ọ̀nà tí mò ń lọ nìkan ni wọ́n ṣì mú.

Ìgbà táwọn ará Ọsirélíà ní ká lọ yẹ ara wa wò nítorí fíísà ló wá burú tán. Ilé ìwòsàn ya fọ́tò àyà mi, wọ́n sì kó fọ́tò dúdú náà fún mi nínú àpò ìwé ńlá. Mo tì í bọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ìyá mi wá ìgbálẹ̀ wọ yàrá wa, wọ́n sì rí i. Wọ́n gbé e sókè lójú fèrèsé. Wọ́n rí egungun ìhà mi, wọ́n sì rí nǹkan funfun kan láàárín rẹ̀ tí wọn ò mọ̀. Ọkàn mi ni, bó ṣe wà ní àyà gbogbo èèyàn. Wọ́n dá a padà síbi tó wà, wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n sì jáde.

Wọn ò bi mí. Wọ́n ní àìsàn tí ọmọ bá fi pamọ́, ó ní ìdí tó fi pa á mọ́, kí àwọn máa bá Ọlọ́run sọ ọ́ ná. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè. Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n á din àkàrà, wọ́n á fi ṣe sàráà fáwọn ọmọdé àdúgbò. Àkàrà náà dùn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo fi ń jẹ nínú rẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé ta la ń ṣe sàráà náà fún.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún yẹn ni ìwé ìkẹyìn dé. Fíísà wa ti jáde. Ilé iṣẹ́ mílíìkì náà ní ká fún àwọn ní èsì pàtó, a ń bọ̀ ni tàbí a ò bọ̀, kó má kọjá Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó mi fọwọ́ bo ẹnu kó má bàa pariwo. Mo ní kó ṣáà jẹ́ kí n ro ti ìyá mi dáadáa.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wà ní pálọ̀, abọ́ ìrẹsì wà níwájú mi, ẹran méjì wà lórí rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́: àbúrò bàbá mi ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, àti àáfà agboolé wa, tó gbé ìgò hàǹtú dání, omi tí wọ́n fi fọ àyọkà Kùránì tí wọ́n kọ sórí wàláà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò mí, wọ́n bú sẹ́kún. Àbúrò bàbá mi bi mí bóyá mo ṣì lè jẹun, wọ́n sì ń wo abọ́ ìrẹsì náà tìyanu-tìyanu. Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ìyá mi ti yọ fọ́tò dúdú náà lábẹ́ ìborùn, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ mi.

"Bàbá yín fi àìsàn tiwọn pamọ́ fún mi títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa kú," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ti tó mi. Sọ ohun tí dókítà sọ fún ẹ."

Ìyàwó mi tó ń gbé omi bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó rọra gbé omi kalẹ̀. Ẹ̀rín pa á, ló bá sá padà sí kíṣìnnì. Èmi ò rí ẹ̀rín kankan rín. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo sọ gbogbo ẹ̀, látorí màlúù títí dórí Jímọ̀. Ó gba àkókò díẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ mọ̀ bóyá Ọsirélíà wà lápá ibi tí wọ́n ti ń lọ sí Mẹ́kà. Ìyá mi ò bi mí léèrè nípa Ọsirélíà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí pé, ṣé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kò sí. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi nu ojú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èjìká wọn ń gbọ̀n, títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. Àáfà ò mọ ohun tí wọ́n máa fi hàǹtú náà ṣe mọ́, wọ́n bá gbé e fún mi. Mo mu ún tán. Ẹni tí wọ́n ti gba ààwẹ̀ fún, kò yẹ kó máa ṣe ìyájú.

Àbúrò bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àjò ò lè dùn kónílé má relé, ṣùgbọ́n ilé tó gba ju ọjọ́ kan lọ lójú òfúrufú, ìgbà wo léèyàn fẹ́ dé e? Wọ́n ní tí ọlọ́jọ́ bá dé sí ìyá yìí, ta ló máa sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè láti gbà wọ́n? Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ fún ìyàwó mi láti ọdún méjì ni, ẹnu ẹlòmíì ló wá gbà jáde. Mo doríkodò, mo ń retí kí ìyá mi sunkún, kí wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ lọ.

"Ẹni tó máa sin mí ò wọ́n," ni ìyá mi wí. "Àbúrò rẹ̀ wà níbí, ẹ̀yin náà wà. Ọmọ tí mo ti ń sin lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí wọ́n wá ní kò kú, ibi tó bá wù ú ni kó lọ gbé. Kó ṣáà ti máa mí níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n wọn ṣe àmín. Àbúrò bàbá mi mirí. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ńṣe ni mo dà bí ẹni tó fara ti ògiri tí ògiri náà dìde lọ.

Ìyàwó mi rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà táwọn àlejò jẹun tán tí wọ́n sùn díẹ̀, ó pè mí sẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ká aṣọ lórí okùn.

"Ìyá ti ní ká lọ," ó ní. "Látìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ ni mo ti ń retí kí inú ẹ dùn. Ta lo tún fẹ́ sá sẹ́yìn ẹ̀ báyìí?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́nì kankan. "Mi ò fẹ́ lọ," ni mo wí. "Látọjọ́ àkọ́kọ́ ni mi ò ti fẹ́ lọ. Mo fẹ́ràn ibi tí mo wà."

Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Lásìkò tí gbogbo ayé ń sá yìí, tẹ́nì kan bá ní Agége tẹ́ òun lọ́rùn, tòun ti eruku àti ariwo rẹ̀, wọ́n á ní orí ẹ̀ ò pé. Ìyàwó mi ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u, ó tún un ká.

"Ọdún méjì ni mo fi ń sáré yìí," ó ní. "O ò sì jẹ́ kí n mọ̀ pé èmi nìkan ni mò ń sá a." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ, ó wọlé.

Kò bá mi jà. Ńṣe ló ń bọ̀wọ̀ fún mi. Láàárín àwa méjèèjì, "ìwọ" ló máa ń pè mí, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi di "ẹ̀yin". Ẹ káàárọ̀, sà. Oúnjẹ yín ti délẹ̀, sà. Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ò bá tíì fi ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ níyà rí, kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìyà. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo dúró ti ẹ̀rọ mi, ariwo tó ti ń dùn mọ́ mi láti ogún ọdún kò dùn mọ́. Mo ti mú kí ìyàwó mi pàdánù ọdún méjì nínú ayé rẹ̀ torí pé mi ò ní ìgboyà láti sọ gbólóhùn kan.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo bá a nídìí máṣíìnì tó fi ń ránṣọ, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó má bínú, pé nígbà tí mo ń sọ pé ìyá mi ni mò ń rò, ara mi ni mò ń rò. Ó jẹ́ kí n wà nílẹ̀ díẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Kí ìyá ẹ má lọ wọlé, kí wọ́n ní o ti dákú."

Bí mo ṣe gbọ́ tó ní "ìyá ẹ", ara mi wálẹ̀. Ó ti kọ lẹ́tà èsì tí ilé iṣẹ́ mílíìkì ń retí sórí fóònù, torí èdè òyìnbó rẹ̀ dáa ju tèmi lọ, pẹ̀lú gbogbo ìdánwò mi. Ó kà á sí mi létí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní ìdílé wa ò ní lè wá. Ó tún ka ibi "ìdílé wa" lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fi ránṣẹ́, èmi sì di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Lẹ́yìn ìgbà náà ló sọ pé tá a bá máa dúró, òun ò fẹ́ dúró bí ẹni tó jókòó sí gáréèjì. Ohun tá a ti tọ́jú fún bàálù, òun máa fi gba ṣọ́ọ̀bù l'Àgídìngbì, òun á máa rán aṣọ iṣẹ́ fáwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́. Mo ní kó máa bá a lọ.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wa nígbà táwọn èrò bá ń jáde, aṣọ tó rán lẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ wọn. Mi ò ní parọ́ pé ó ti gbàgbé. Lọ́jọ́ táwọn olùkọ́ bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ó máa ń wò mí, èmi náà á sì wolẹ̀. Síbẹ̀ ara rẹ̀ ti yá, ìyá mi wà, iṣẹ́ ń lọ, mo sì ń sùn dáadáa.

Àárọ̀ Sátidé tó kọjá, gbogbo wa jókòó ti tíì àti búrẹ́dì. Ọmọ wa àgbà, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní tóun bá ti jáde girama, òun máa lọ sí Ọsirélíà fúnra òun, pé òun ti ń kà nípa ilé ìwé kan níbẹ̀. Kò rẹ ohùn sílẹ̀. Bí ẹni ń tọrọ ṣúgà ló ṣe sọ ọ́, níṣojú gbogbo wa. Ìyàwó mi gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan dìde látinú àyà mi, ó dé ọ̀nà ọ̀fun: ta ló máa wá sin mí?

Mo wo ìyá mi. Wọ́n ń ki búrẹ́dì bọ tíì, wọn ò wò mí. Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó mọ bí ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ Àìkú táwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wá yẹn ṣe wúwo tó. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo bi ọmọ mi pé ilé ìwé wo ni, kó gbé fóònù náà wá ká jọ wò ó.